Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọmọ eku kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà nígbà tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ rí i. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó ń mí èémí gbígbóná sí i lára, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn onígíláàsì kò jẹ́ kí ọkùnrin náà gbọ́ ohun tó ń sọ. Ètè tó ń mì nìkan ló rí, pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ewé tó bo irun, àti ọrùn kan tó tẹ̀ síwájú nítorí ohun tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé sórí àwọn àgò tó tò lórí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òkè, eku funfun olójú pupa ló sì wà nínú gbogbo wọn.

Obìnrin náà ṣí àgò kan, ó rọra gbé ọmọ eku náà sáàárín àwọn mẹ́fà kan, ó sì dúró wò wọ́n. Àwọn mẹ́fà náà gbóòórùn àlejò, wọ́n yí i ká, wọ́n sì sún fún un. Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà mọ̀ pé eku mẹ́wàá lòun wá gbà, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ títí obìnrin náà fi yíjú tó sì bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni obìnrin náà wí. "Ṣé ilẹ̀kùn ló há ni, àbí ẹsẹ̀ ló kọ̀?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Ó dáa. Ọjọ́ kẹta mi níbí rèé, ilẹ̀kùn yẹn ò tíì há mọ́ èmi lọ́wọ́ rí."

Ọkùnrin náà wọlé, etí rẹ̀ ń gbóná. Ó na káàdì tó mú wá sí i. Obìnrin náà kà á, ó gbójú sókè, ó tún kà á.

"Ẹ̀yin ni Bàbá Ọjọ́ Kẹrìnlá?"

"Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ilé ni. Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ni mo ti ń retí."

"Mo gbàgbé ọ̀pá sílé," ni ọkùnrin náà dáhùn, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun lè bá ènìyàn ṣàwàdà ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ kì í ṣàdédé lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Ilé ìwádìí ni ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wá òògùn jẹjẹrẹ. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ọ̀gá tó kọ́ ọkùnrin yìí níṣẹ́ rí kókó kan lábẹ́ apá abo eku kan tó ti darúgbó. Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Ó kàn hù fúnra rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń hù lára ènìyàn nígbà mìíràn. Ọ̀gá náà gé kókó yìí wẹ́wẹ́, ó sì fi ègé kọ̀ọ̀kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ eku mẹ́wàá tó jẹ́ ìran kan náà. Kókó náà gbà, ó ń dàgbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e láti ara eku dé ara eku, lọ́jọ́ mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, eku tó rù ú á kú, kókó á sì bá a lọ. Wọ́n ti kó díẹ̀ pamọ́ sínú fìríìsà nígbà kan, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ bà jẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá náà ń kú lọ, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yìí ló fi kókó náà lé. Ọdún kọkànlá rèé. Bí wọ́n bá ṣe òògùn tuntun, ara rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dán an wò, torí wọ́n ti mọ gbogbo ìwà rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fọkàn tán ọwọ́ ẹlòmíràn, nítorí náà kò ṣàìsàn ní ọjọ́ kẹrìnlá rí, kò sì rìnrìn àjò tó gùn. Abọ́ kan, ife kan àti àga méjì ló wà ní iyàrá tó ń gbé, ẹnikẹ́ni kò sì tíì jókòó lórí àga kejì láti ọjọ́ tó ti rà á.

Obìnrin náà kò lẹ́nì kan. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú wọn dáadáa. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà, ìyẹn náà sì ti lọ ní ọdún tó kọjá. Àjà kẹta ilé kan ló ń gbé, ó sì máa ń gbọ́ bí àwọn aládùúgbò ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọmọ eku yẹn fi rí bó ṣe rí. Yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti ń sin ìran mìíràn, ni eku náà ti wá. Wọ́n ti kó mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ fún iṣẹ́, òun nìkan ló ṣẹ́kù tó ń gbọ̀n ní igun àgò. Òfin ni pé kí wọ́n pa èyí tó bá ṣẹ́kù. Obìnrin náà yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó jọ abo lójú rẹ̀, ó sì fi í sínú àgò tó sún mọ́ ọn jù, níbi tí abo mẹ́fà tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ó fẹ́ wá àyè mìíràn fún un lọ́sàn-án, kó sì kọ ọ́ sí káàdì. Ló bá yíjú, ló bá rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ káàdì sì fò lọ lórí rẹ̀.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ti gbàgbé ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ojú ẹnì kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ kẹrìnlá nìkan ni ọkùnrin náà ń wá. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ kẹsàn-án, pé òun fẹ́ wò ó bóyá ìyẹ̀ pákó inú àgò ṣì gbẹ. Nígbà tó tún yá, kò wá àwáwí mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin náà máa ń yẹ àwọn eku tó ti dàgbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tí kókó bá hù lára rẹ̀. Kì í fi ojú wá a. Á di eku mú níbi awọ ẹ̀yìn ọrùn, á di ojú, á sì máa fi àtàǹpàkò àti ìka kan tọ abẹ́ apá, àyà, àti itan.

"Ẹ di ojú yín," ló sọ fún ọkùnrin náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó sì fa ìka rẹ̀ lọ sí abẹ́ apá eku tó dì mú. "Kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó wá bá yín."

Ọkùnrin náà dúró. Ó ń gbọ́ èémí obìnrin náà létí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, nǹkan kan tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà yí lábẹ́ ìka rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń gbé kókó kiri, kò tíì pàdé ọ̀kan tó ń ti ibi tí ẹnì kan ò mọ̀ bọ̀ rí.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá kò sí níbẹ̀."

"Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ lẹ ní. Ẹni bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun èèrà."

"Ṣé ọwọ́ mi lẹ ń yìn ni àbí èmi?"

"Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ rí."

"Irọ́ lẹ pa. Fìlà lẹ kọ́kọ́ rí, ẹ sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Inú obìnrin náà dùn sí i ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lójú lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fún un lórúkọ.

Oṣù kan lẹ́yìn ìpàdé wọn, bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe ń pààrọ̀ ìyẹ̀ pákó, ó bá akọ kan láàárín àwọn abo mẹ́fà wọ̀nyẹn. Ọmọ eku tó ṣẹ́kù ni. Ó ti dàgbà, ó sì ti fi ohun tó jẹ́ hàn. Ó yára yọ ọ́ kúrò, ó ní kò tíì pẹ́, kò sí ohun tó tíì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà yẹn kì í ṣe eku lásán. Àwọn ni ìyá ọ̀la fún ìran tí kókó ọkùnrin náà ń gbé lára wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

"Kí ló dé tí ẹ kì í fi kókó yín sára eku èyíkéyìí? Ṣebí funfun náà ni gbogbo wọn?"

"Ará ilé nìkan ló ń gbà á. Ìran tiwa, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n fi ń bímọ, títí gbogbo wọn fi dà bí ẹnì kan ṣoṣo. Bí mo bá fi kókó sára eku ilé mìíràn, ara á mọ̀ pé àlejò ni, á sì bá a jà títí á fi pa á."

"Bí ìyá bá wá jẹ́ ará ilé, tí bàbá jẹ́ àlejò ńkọ́?"

"Ọmọ á gbà á," ni ọkùnrin náà wí. "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọmọ á gbà á, torí pé gbogbo ohun tí ìyá ní ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n..."

Ọ̀gá Àgbà, ìyá arúgbó tó ń darí ilé náà, pe ọkùnrin náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jáde lọ. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò bi í ní èyí tó kù mọ́. Ìdajì ìdáhùn ló mú lọ sílé, ó sì fi í tu ara rẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi akọ ará ilé sọ́dọ̀ àwọn abo mẹ́fà náà. Nígbà tí àwọn abo náà bímọ ṣáájú ìgbà tó yẹ kí wọ́n bí, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pé àwọn ọmọ ìwòyí kì í dúró de ẹnì kan. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́ lábẹ́ tábìlì, ó sì dá ìka dúró kó tó kà á tán.

Ẹ̀yìn ilé ìwádìí náà ni bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ táńkì omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ibẹ̀ náà ni ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìwọ", ibẹ̀ ló sì ti sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ láti bí oṣù mẹ́ta, tíì ọwọ́ mi ló máa ń tutù kí n tó sọ ọ́."

"Ẹ mu tíì yín," ni obìnrin náà wí, omi sì ti kún ojú rẹ̀. "Mo ti gbọ́. Èmi náà fẹ́ràn yín. Kí ló wá ń bà yín lẹ́rù?"

"Màmá mi ni."

Ó ṣàlàyé. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni ìlú tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ọjọ́ kẹrìnlá bọ́ sí ọjọ́ ìsìnkú. Ó dúró gbé kókó, ó sì dé ilé lọ́jọ́ kejì, erùpẹ̀ ibojì ṣì tutù. Láti ìgbà náà, bó bá ti kanlẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ kì í kí i. "Ọjọ́ mélòó?" ló máa ń bi í. Á ní mẹ́ta, tàbí mẹ́rin. Ìyá á mi orí, á sì wọlé lọ.

"Ó ní bí mo bá lè lo ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé bí ọmọ ènìyàn, kí n mú ìyàwó wá. Bí mi ò bá lè ṣe é, kí n má mú ọmọ ọlọ́mọ wá jìyà. Ó ní òun ti bímọ fún eku, kí ọmọ ẹlòmíràn má tún wá bá eku du èyí tó kù."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Ẹ ò sì lè fẹ́ mi bí wọn ò bá gbà."

"Mo ti ṣe èyí tí mo ṣe fún bàbá mi. Mi ò lè fẹ́yàwó láìsí àṣẹ ìyá mi. Ṣé wàá dúró dè mí?"

"Títí di ìgbà wo?"

Ọkùnrin náà gbé ife sílẹ̀. Táńkì ń kán omi sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. "Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró," ni obìnrin náà wí níkẹyìn. "Òun ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù."

Oṣù tẹ̀ lé oṣù. Ọmọ àwọn abo mẹ́fà dàgbà, kókó gbà lára wọn, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sì mí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ náà tún bímọ. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ tó iṣẹ́ í ṣe, ọkùnrin náà mú mẹ́wàá nínú wọn, ó pa eku àtijọ́ tó ru kókó, ó gé kókó wẹ́wẹ́ bó ṣe ń ṣe é, ó sì fi í sábẹ́ awọ wọn. Ní ọjọ́ kẹfà, kókó ti yọ lára gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó dúró sójú kan. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó ń súnkì. Nígbà tí ọjọ́ kẹrìnlá pé, ó di ojú, ó fi ìka tọ ara wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ní sùúrù bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò sì sí ohun tó wá bá a.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àgò. Ọdún méjìlélógún ti pin ní ara eku mẹ́wàá. Kò sí òmíràn níbì kankan.

Àwọn ènìyàn ilé náà ń sọ pé bóyá kókó ló ti gbó, pé kò sí ohun tí kì í lópin. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ibùsùn rẹ̀ ní àjà kẹta, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ka ọjọ́ tó dá dúró nígbà yẹn, ó kà á tán, ó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn "ṣùgbọ́n" tí ọkùnrin náà kò sọ tán: ọmọ-ọmọ kò ní gbà á, torí kì í ṣe gbogbo ohun tí ìyá àgbà ní ló ń dé ara rẹ̀. Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọkùnrin náà á máa rò títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣàṣìṣe.

Ó bá a lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: ọmọ eku tó ṣẹ́kù, káàdì tí kò kọ, akọ tó yọ kúrò, ìbéèrè tó bi í.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ìgbà wo lo fi eku náà síbẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹta tí mo dé ibí."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi."

"O mọ ohun tí màmá mi sọ." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O mọ̀ pé kókó yẹn nìkan ló dúró láàárín wa. Ó wá kú. O wá ń sọ fún mi pé kí n tó mọ̀ ọ́ ni."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wò ó. Nínú gbogbo ohun tó ti rò pé ó lè sọ, èyí kò sí níbẹ̀. "Ẹ rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á?"

Ọkùnrin náà dìde, ó sì kẹ̀yìn sí i. Obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà, ó jẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní yàrá eku, wọ́n ní kó lọ máa fọ àgò nísàlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó bá mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ á mọ bí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe rí. Yàrá tí wọ́n ti ń fọ àgò kún fún ooru omi, kò ní fèrèsé. Ní òkè, ọkùnrin náà ń nu abẹ tí kò lò. Ọjọ́ kẹrìnlá tó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ikú kókó, ó wọ kóòtù funfun rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó bọ ìbọ̀wọ́, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì títí ó fi rántí. Ó lè lọ sí ibikíbi lónìí. Kò mọ ibì kan tó fẹ́ lọ. Lálẹ́ ó gbé ife kan ṣoṣo sórí tábìlì, ó wo àga kejì, ó sì yí i kọjú sí ògiri.

Obìnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó ń bẹ ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun yẹ àwọn eku àgbà wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló rí i. Ìyá eku kan ni, ara ìran náà gan-an, tí wọ́n ti bí ṣáájú kí àlejò tó wọlé. Abẹ́ apá rẹ̀ ni kókó náà wà, kékeré, tó ń yí. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Obìnrin náà kọ ọ́ sí káàdì lọ́nà tó ṣe kedere jù lọ, ọjọ́, apá, ìwọ̀n, ó sì fi ránṣẹ́ sókè.

Nígbà tí ọkùnrin náà ka káàdì náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú abẹ, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá eku ní kíá. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹni tuntun tó ń tọ́jú eku wà nínú, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń bu ìyẹ̀ pákó. Oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé sórí àgò. Ọkùnrin náà ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ti dúró síbí rí. Lọ́jọ́ náà, ọmọ eku kan wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó sì gbé e sáàárín mẹ́fà.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó kúrò, kò wọlé. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ló wá sí ibi tí wọ́n ti ń fọ àgò.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wọ bàtà rọ́bà, apá rẹ̀ wà nínú ọṣẹ dé ìgúnpá. Ó rí i, kò sì dá iṣẹ́ dúró.

"Ẹnì kan rí ọ," ni ọkùnrin náà wí.

"Kí lẹ wí? Omi ń pariwo."

"O ní kò sẹ́ni tó rí ọ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan rí ọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ọmọ eku, ó rí àgò tí o fi í sí. Ó mọ àgò náà ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ọdún mọ́kànlá ló fi ń wò ó. Ó yẹ kó ní kí o dúró. Kò sọ nǹkan kan, torí ojú rẹ ló ń wò."

Obìnrin náà ti ẹ̀rọ omi pa.

"Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Àwa méjèèjì la jọ pa kókó yẹn, mo sì ti lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá Àgbà. Mo fi ohun tí o ò ṣe kàn ọ́, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo bínú sí yín. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo ti ń bínú."

"O ti ń ka ọjọ́ bí èmi."

"Àìsàn yín ló ràn mí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn apá, ọṣẹ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ṣùgbọ́n mo rí akọ yẹn, mo sì dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ojú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣe é."

"Ìwọ lo ṣe é. O sì sọ ọ́ nígbà tí ẹnì kankan ò lè mọ̀."

Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó rọra nu ọṣẹ náà kúrò.

"Kókó tuntun ńkọ́?" ni obìnrin náà bi í. "Ẹ ti gbé e?"

"Ọ̀gá Àgbà ti kọ̀wé sí ilé ìwádìí mìíràn, wọ́n á fi eku ìran yìí tí kò ní àdàlù ránṣẹ́ lọ́la. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa gbé e, ní yíyípo. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n fi mí ṣe ẹkẹta."

Obìnrin náà ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà nìyẹn."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkọ̀ kan ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Àgbà sì ti fún àwa méjèèjì láyè. Ṣé wàá bá mi lọ sọ́dọ̀ màmá mi?"

"Bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"A jẹ́ pé àwa méjèèjì ni wọ́n lé."

Ìyá náà ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì kí wọn.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mi ò kà á, Màmá."

Ìyá náà dúró pẹ́ títí pẹ̀lú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ wọlé. Kí ẹ fọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó kan nǹkan kan nínú ilé mi. Mo mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú ife méjì sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, eruku ti bò wọ́n, ó sì fọ̀ wọ́n. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó lè gbéra nígbàkigbà. Ọmọ náà tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ó lọ jókòó níbi ibojì bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, kò sì sọ ohun tó bá bàbá sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń bá ìyá náà ká aṣọ, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà. Ìyá náà kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lé e.

Ní àárọ̀ kan, obìnrin náà jí, ó bá ìyá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó ń fi àtàǹpàkò ka ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyá rí i, ó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

"Òní ni, àbí?" ni ìyá náà bi í.

"Òní ni, mà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pé."

"Ìwọ náà ń kà á?"

"Mo ń kà á, mà."

"Òun ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀, mà. Ó ṣì ń sùn."

Ìyá náà jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì jẹ́ kí ohùn jáde. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ rọra tọ̀ ọ́ lọ, ó dì í lọ́wọ́ mú, kò sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, obìnrin náà fẹ́ dìde lọ jí ọkùnrin náà. Ìyá kò jẹ́ kó lọ.

"Jẹ́ kó sùn, ìyàwó mi," ló wí. "Jẹ́ kó sùn."